Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Náà Kò Gbàgbé

Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ló ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ epo tó ń gbé inú ọkọ̀ lórí omi. Ìrẹsì, ẹyin, ẹran dídì, omi inú ike, ọṣẹ, gbogbo ohun tí ènìyàn ń lò nígbà tí kò sí ọjà nítòsí rẹ̀, àwa là ń kó o jọ sínú sítọ́ọ̀ ní Enerhen, nínú ìlú Warri, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ. Ọkọ mi ni olùtọ́jú sítọ́ọ̀. Èmi ni akọ̀wé. Ògiri pákó ló là wá láàárín, mo sì máa ń gbọ́ ọ bó bá ń ka páálí ẹyin. Yorùbá ló fi ń kà á nígbà tó bá dá wà. Bí awakọ̀ bá wọlé, á yí i sí Pidgin láìdúró, á sì máa bá iye rẹ̀ lọ.

Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ni mo ń pè é. Nílé, Dádì ni. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kì í jáde lẹ́nu mi. Ìjẹ̀bú ni ìyá mi, ó sì kọ́ wa bí wọ́n ti kọ́ òun: ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, kì í sì í pe ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ kí òun tó débẹ̀ lórúkọ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, Ìbàdí-Àrán ni mo sọ ọ́. Èyí tó ga nínú àwọn ọkùnrin, Agùntáṣọọ́lò. Àwọn ọmọ mi tí wọ́n bí sí Warri máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà nítorí èyí.

"Mummy, if police ask you your husband name, wetin you go talk?"

"Màá ní Dádì yín ni."

"Dem go lock you up o!"

"Kí wọ́n tì mí mọ́lé. Dádì yín á wá gbà mí sílẹ̀, á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn."

Nígbà tí wàhálà odò wá gbóná, tí àwọn ọmọkùnrin tó gbé ìbọn nínú odò ń jí òyìnbó gbé, sójà wà ní gbogbo oríta. Bí a bá ti dé ibi tí wọ́n dúró sí, a ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, a ó gbé ọwọ́ sókè, a ó fẹsẹ̀ rìn kọjá, lẹ́yìn náà a ó tún gùn ún. Ó di ohun tí à ń ṣe láìronú sí i. Mo rí ìyá kan tó gbé ọwọ́ kan ṣoṣo sókè nítorí pé ó fi èkejì di agbọ̀n tòmátì orí rẹ̀ mú. Sójà náà wò ó, ó wo tòmátì, ó ní kó máa lọ.

Ilé-iṣẹ́ wa kọ́kọ́ kó àwọn òyìnbó lọ sí Èkó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ń lọ. Wọ́n ní ọkọ mi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn nítorí pé òun ló mọ gbogbo ẹrù àti gbogbo oníbàárà. Èmi kò lè lọ. Ìyá mi wà ní Okere nínú Warri, níbi tó ti ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti ń dùn ún débi pé èmi ni mo ń bá a ṣí ìsọ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. A bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo pe ìjà wá. Kí ìjà kó ẹrù tirẹ̀, kó máa lọ." Nítorí náà ni èmi àti àwọn ọmọ ṣe dúró.

Máníjà pè mí kí wọ́n tó lọ. Ó ní wọn kò ní ti Warri pa, bí Warri bá lè máa dá ìwé rẹ̀ kọ. Ìwé tó ń sọ ni èyí tí a fi ń béèrè ẹrù fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà ní Èkó ló máa wà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á sì máa ṣí i láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, á kọ ohun tó fẹ́ sí ìlà tirẹ̀. "Bí ẹ̀ka bá wà, sítọ́ọ̀ á wà," ni ó wí. "Bí sítọ́ọ̀ bá wà, nígbà tí nǹkan bá rọlẹ̀, olùtọ́jú rẹ̀ á padà. Bí kò bá sí, Èkó náà ló máa wà." Mo gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí ohun míì tí mo tún ń fẹ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ tó ń lọ, ọkọ mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ti ń lò, èyí tó wá di tèmi. Ó fi orúkọ rẹ̀ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i, ó sì tẹ ibi kékeré kan lábẹ́ rẹ̀.

"Wò ó, mo ti ní kó máa rántí mi. Kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Bó bá wá bi mí ńkọ́?"

"Sọ fún un pé ìwọ ni ìyàwó ilé."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì wọn ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan mí léjìká bí ẹni pé ó ń kọjá lọ síbi tí wọ́n ń já ẹrù.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ṣí ìwé náà, á ṣí. Orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń lò. Bí mo bá kọ̀wé tán, lábẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń fi ẹni tó kọ ọ́ gbẹ̀yìn hàn, orúkọ rẹ̀ ni màá rí. Kò dùn mí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ nínú ilé láti fi gbálẹ̀.

Nílé, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà, ènìyàn méjì ló ń sọ Yorùbá nínú ilé wa. Nígbà tó lọ, ó ku èmi nìkan. Màá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, wọn á gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọn á sì fi Pidgin dá mi lóhùn. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni mo máa ń sọ wọ́n fún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí, ọ̀rọ̀ lásán ni. Bí àpẹẹrẹ, "Ó ti ṣú dẹ̀dẹ̀." Tí mo bá wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé, á dé ẹnu mi, màá sì rántí pé kò sí ẹni tí màá sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ní ọjọ́ Ajé kan ni. Mo tẹ ìwé náà kó ṣí, àpótí kékeré kan sì yọ sójú rẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Mo pa á, mo tún ṣí i. Ó tún yọ. Mo pe Èkó, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ sì fún mi ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tèmi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe pè é fún mi. Àpótí náà lọ, ó tún padà. Mo tún kọ ọ́. Ó tún padà. Nígbà míì ìwé náà á ṣí, inú mi á dùn, màá kọ ìlà ìrẹsì, màá kọ ìlà ẹyin, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kó tọ́jú rẹ̀, àpótí náà á tún dìde, gbogbo ohun tí mo kọ á sì parẹ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ojú funfun lásán ni màá rí.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa, ará Otor-Udu lẹ́bàá Warri, máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì nítorí pé fáànù mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ bí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Ó máa ń wo ojú mi.

"Madam, e still dey ask you who you be?"

"E still dey ask, Bàbá."

"Ah-ah. Even soja for junction dey ask person once."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún kọ pásíwọ́ọ̀dù náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ìwé wa kò wọlé lásìkò. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún akọ̀wé kan ní Èkó lórí fóònù, ó sì bá wa kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Máníjà pè. Kò bínú, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní bí Warri kò bá lè ṣí ìwé tirẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, á dára kí àwọn kúkú máa ṣe gbogbo rẹ̀ láti Èkó. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi yín, mà." Mo ní mo gbọ́, sà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo pe ọkọ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Àṣé ó ti gbàgbé mi," ni ó wí. "Wọ́n ní kí gbogbo wa pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù wa, ìyẹn ni. Àtijọ́ ni èyí tí mo fi sílẹ̀ fún ọ."

"Ẹ fún mi ní tuntun."

Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá níwájú ọ́fíìsì wọn.

"Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn."

"Ẹnikẹ́ni náà ni mo wá dà, Dádì?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Tèmi gan-an kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Láràárọ̀ ló ń tì mí síta. Màá wọlé nígbà tí mo bá dé ibi iṣẹ́, kò ní pẹ́ tí á ní wọ́n ti ti orúkọ mi pa. Ó ti sú ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà láti máa bá mi ṣí i."

A sọ ti àwọn ọmọ, a sọ ti ẹsẹ̀ ìyá mi. Ó béèrè bóyá wọ́n ń yìnbọn. Mo ní kò sí ní apá ọ̀dọ̀ wa. A kò mọ̀, àwa méjèèjì, pé ohun kan náà ló ń ti wa síta.

Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní Èkó, tí mo wá ń pè ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà, pè mí ní ọjọ́ kejì. Ọmọ Yorùbá ni, ọ̀dọ́ ni, ó sì ní sùúrù. Ó ní kí n wo aago inú ẹ̀rọ mi bóyá ó bá tiwọn mu. Ó fi díẹ̀ sẹ́yìn, mo tún un ṣe. Ó ní kí n wá ibi tí a ti ń sọ fún ẹ̀rọ pé àwọn ibi báyìí ni kó fọkàn tán, kí n sì kọ ibi tí ìwé náà ń gbé síbẹ̀. Mo kọ ọ́. Àpótí náà ṣì ń yọ. Lẹ́yìn náà ló mú mi dé ibì kan tí ẹ̀rọ ń tọ́jú orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù sí.

"Ṣé orúkọ kankan wà níbẹ̀, mà?"

"Ọ̀kan wà."

"Orúkọ ta ni?"

Mo wò ó. Orúkọ ọkọ mi ni, odidi, pẹ̀lú orúkọ ìdílé wa lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí èmi náà ń jẹ́.

"Tiwa ni," ni mo wí.

"Tiyín. Ó dáa, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, òun ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Ó rò pé tèmi ni mo ń wí. Èmi kò sì mọ̀ pé ohun tí mo sọ kò tó. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé nìyẹn. Bí wọ́n bá béèrè lọ́jà pé ta ló ni mọ́tò tó dí ọ̀nà, màá ní tiwa ni. Bí wọ́n bá béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yẹn, màá ní ará ilé wa ni. Kò sí ẹni tó ṣì mí gbọ́ rí.

A gbìyànjú títí iná fi lọ. Ó ní òun á tún pè.

Ọjọ́ Ẹtì ni ó tó pè. Mo ti débẹ̀ ní kùtùkùtù, láìjẹun. Ìyá mi ti wo ojú mi nígbà tí mo ń bá a ṣí ìsọ̀, ó ní, "Kí ló dé tí o fi dà bí ẹni tó ń lọ kọ́ọ̀tù?" Mo ní iṣẹ́ ni. Ó ní, "Iṣẹ́ kì í ṣe ojú ènìyàn báyìí. Ọkọ rẹ ńkọ́?" Mo ní ó wà dáadáa. Ó fi síìpù kan lu àtẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohùn ọ̀gá kọ̀ǹpútà yàtọ̀ láàárọ̀ náà, bí ẹni tó ti rí nǹkan.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo ń wá ohun tó ń ti ọ̀gá kan síta níbí láràárọ̀. Mo wò ó títí. Ẹnì kan ló ń fi pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ àtijọ́ kan ilẹ̀kùn, léraléra, láti Warri. Kò sì sí kọ̀ǹpútà míì tó ń ṣiṣẹ́ ní Warri ju tiyín lọ. Orúkọ tó wà nínú ibi tí mo fi hàn yín lọ́jọ́sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi."

"Ti Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ni."

"Ọ̀gá sítọ́ọ̀ pọ̀ níbí, mà."

"Èyí tó ti ọ̀dọ̀ wa wá."

"Ẹ ṣáà ka orúkọ náà. Mo fẹ́ mọ bó ṣe wà gan-an, kí n má baà ní kí ẹ yọ èyí tí kò yẹ."

Mo wo orúkọ náà lójú ẹ̀rọ.

"Hẹ́lò? Ṣé láìnì ti já ni?"

"Kò já. Ọkọ mi ni."

"Kí ni orúkọ ọkọ yín, mà?"

"Òun ló wà níbí yìí."

Mo gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìfiniṣẹ̀sín. "Há! Ṣé ẹ kì í pè é ni? Ìyá mi nìyí! Bàbá Èkó ni wọ́n ń pe bàbá mi títí a fi sin wọ́n, bàbá náà kò sì dé Èkó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé wọn. Ó dáa, mà. Ẹ má pè é. Ẹ máa ka lẹ́tà rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kì í ṣe orúkọ."

Mo rò ó wò, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka àmì ara páálí, òun náà sì ń tún un wí lẹ́yìn mi ní Èkó. Láìnì kò mọ́, nítorí náà mo ní láti gbé ohùn sókè. Bàbá onígéètì yọjú.

"Madam! Na secret number you dey shout so? Shout am well make everybody for Enerhen hear!"

"Na my husband!" ni mo wí.

"Your husband? Where e dey?"

Mo na ìka sí ojú ẹ̀rọ. Ó súnmọ́ ọn, ó wò ó, ó mi orí, ó padà sẹ́nu géètì rẹ̀.

"Òun gan-an ni," ọ̀gá kọ̀ǹpútà wí nígbà tí mo dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. "Òun náà ni wọ́n ń tì síta. Ẹ tẹ orúkọ náà, mà. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò."

Mo rí i. Mo gbé atọ́ka dé orí rẹ̀, mo sì dúró.

Wọ́n ti kó gbogbo nǹkan rẹ̀ lọ nínú ọ́fíìsì yẹn. Àga rẹ̀ ti lọ, ìwọ̀n tó fi ń wọn ẹran ti lọ, pákó tó là wá láàárín gan-an ni wọ́n ti tú láti fi kan àpótí ẹrù. Orúkọ tó wà níwájú mi yìí, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀rọ máa rántí. Ẹ̀rọ sì rántí. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó wà lórí fóònù.

"Bí mo bá yọ ọ́," ni mo béèrè, "ṣé á ṣì lè wọlé níbí?"

"Níbo, mà?"

"Níbí. Lórí ẹ̀rọ yìí. Bó bá padà dé."

"Ìgbàkigbà tó bá dé, kó jókòó, kó tẹ orúkọ rẹ̀. Á wọlé. Mà, ẹ jọ̀ọ́ o, ní báyìí gan-an, ẹ̀yin lẹ ń tì í síta. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ yín kì í kọ́kọ́ fi orúkọ yín kanlẹ̀kùn. Tiwọn ló máa ń fi kàn án, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí fún yín, á sì ti àwọn náà síta. Ẹ kò jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ṣe, àwọn náà kò sì jẹ́ kí ẹ rí i ṣe."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ náà kúrò, ibẹ̀ sì ṣófo.

"Ẹ wá ṣí ìwé náà."

Àpótí kékeré náà yọ. Mo kọ orúkọ tèmi, mo kọ pásíwọ́ọ̀dù, mo sì tẹ ibi kan náà tí ọkọ mi tẹ̀, pé kó máa rántí. Àpótí náà lọ. Kò padà. Mo ń retí rẹ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lórí bọ́tìnì, kò padà. Ṣùgbọ́n dípò kí ìwé ṣí, ohun míì ló yọ. Ó ní ẹnì kan wà nínú ìwé náà lọ́wọ́ báyìí, n kò lè kọ nǹkan sí i àfi bí ẹni náà bá jáde. Ó sì kọ orúkọ ẹni náà síbẹ̀.

Orúkọ ọkọ mi ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kọ̀ǹpútà, mo ní màá pè é padà. Mo pe ọkọ mi.

"Dádì, níbo lẹ wà?"

"Mo wà lórí ìjókòó mi. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ wà nínú ìwé ìbéèrè ẹrù."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo ń rí yín."

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. "Máníjà ló ní kí n máa kọ ti Warri láàárọ̀ yìí. Ó ní bí mo bá ṣe é tán, kí n sọ fún òun. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń kọ ẹyin."

"Ẹyin nìkan?"

"Ẹyin nìkan. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo ti ṣe tán. Mo ní ẹ̀rọ kò yá. Mo ń dúró dè ọ́, ìwọ obìnrin yìí."

Mo fa àga mi súnmọ́ ẹ̀rọ.

"Mo ti dé. Ẹ jáde, kí n lè wọlé."

"Ṣé o ń lé mi ni?"

"Mo ń lé yín. Ẹ jáde kíákíá, kí máníjà tó dé ọ̀dọ̀ yín."

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, o kò tíì lé mi rí."

"Ẹ jáde, Dádì."

Mo gbọ́ bó ṣe tẹ bọ́tìnì. Ó ní, "Mo ti jáde o." Ìwé náà ṣí. Ìlà Warri wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹyin tó kọ, iye rẹ̀ sì pé bí èmi náà ì bá ṣe kọ ọ́. N kò fọwọ́ kàn án. Mo kọ ìrẹsì, mo kọ ẹran, mo kọ omi, mo kọ gbogbo rẹ̀ dé orí ọṣẹ. Òun kò pa fóònù. Mo kàn ń gbọ́ ọ tó ń mí, tó sì ń dá ẹnì kan lóhùn pé, "Warri ń kọ tiwọn lọ́wọ́, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn fúnra wọn." Mo ní kó tọ́jú rẹ̀. Kò béèrè ẹni tí mo jẹ́.

Wọn kò ti Warri pa. Máníjà kò sọ̀rọ̀ Èkó yẹn fún mi mọ́. Ṣùgbọ́n odò kò rọlẹ̀ bọ̀rọ̀, ọkọ mi kò sì padà ní ọdún yẹn. Bí iṣẹ́ ṣe wá rí ni pé ní ọjọ́ Ẹtì, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé láti kọ ti Èkó, nítorí pé wọ́n ti fi ìyẹn kún iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣe tán, á pè mí, á ní, "Mo ti jáde o, wọlé." Èmi á wá wọlé. Ẹni méjì kò lè kọ ọ́ pọ̀.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí á ti pè, tí á ní òun ti jáde, òun ń lọ jẹun, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ ìwé náà, ẹ̀rọ á ṣì ní ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ bí láìnì bá lọ́ra, pé kí n pa á kí n tún un ṣí, á lọ. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n n kì í tètè pa á. Màá tò bébà tó wà lórí tábìlì jọ, màá mu omi, màá fi orúkọ náà sílẹ̀ níbẹ̀ níwájú mi, tó ń sọ pé ó wà nínú ilé, pé kí n ní sùúrù.